Ṣé kí n fi iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe sílẹ̀ lọ ṣe ẹnjiníà ìjọba?

Ìbéèrè àbúrò kan rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ káàsán mà. Civil engineering ni mo kà, ọdún kẹrin mi rèé lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe títì ní Ìbàdàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́ níbi iléeṣẹ́ tó ń rí sí ilé gbígbé, level 8. Owó tí wọ́n máa san fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ohun tí mò ń gbà báyìí lọ. Bàbá mi ní kí n gbà á kíá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọwọ́ mi á dípẹtà, pé fáìlì ni màá máa gbé kiri, àti pé egúnjẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibẹ̀ fẹ̀yìntì, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni iṣẹ́ yẹn gan-an, ṣé kí n lọ?”

Àbúrò, mo ti rí i. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn ẹ torí ó jọ pé bàbá ẹ ń sọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, kò wá sẹ́ni tó sọ iṣẹ́ ọ̀hún fún ẹ nínú gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ èmi, màá ní kó o lọ, àmọ́ ó lóhun tí màá ní kó o béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó wọlé, màá débẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹnjiníà ìjọba kì í kọ́lé. Agbaṣẹ́ṣe ló ń kọ́ ọ. Níbi tó o wà báyìí, ẹ gba iṣẹ́, ẹ gẹ́ ilẹ̀, ẹ da ọ̀dà, ẹ gbowó, ẹ kó katakata yín sórí lowbed, ó dìgbóṣe. Ìjọba ò níbi tó ń lọ ní tiẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó bí ẹ, tí ògiri ẹ̀ bá sán lónìí, ọ́fíìsì tó o fẹ́ wọ̀ yẹn náà ni wọ́n máa gbé lẹ́tà wá, wọ́n á sì ní kí ẹnjiníà lọ wò ó. Ìwọ lo máa bá ilé náà kù. Iṣẹ́ yẹn gan-an nìyẹn.

Wo Bódìjà tó wà nítòsí ẹ níbẹ̀ yẹn. Ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn dá Housing Corporation sílẹ̀, òun ló wá kọ́ Bódìjà, ti títì, ti gọ́tà, ti páìpù omi. Àwọn tó ya ìlà gọ́tà yẹn sórí ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti lọ, òjò ṣì ń gba ibi tí wọ́n yà fún un kọjá. Ti Èkó tiẹ̀ ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, àrùn tí eku ń gbé kiri ló bẹ́ sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, wọ́n rí i pé ilé ti fún pọ̀ jù, ni wọ́n bá dá LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀ lọ́dún 1928, LEDB yìí náà ló tún kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn lérékùṣù lọ sí Sùúrùlérè lẹ́yìn 1955. Lọ́dún 1972 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn àjọ méjì míì, ó di LSDPC, àjọ tó ń kọ́lé fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, LSDPC ló sì kọ́ àwọn ilé tí gbogbo wa ń pè ní Jákàǹdè nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983.

Àwọn kan máa ń fi ilé Jákàǹdè ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lẹ́wà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Plan kan náà ni wọ́n ń kọ́ ní àkọ́túnkọ́, bí wọ́n ṣe gé irin fún búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe gé e fún èyí tó tẹ̀ lé e, pákó tí káfíńtà kàn lẹ́ẹ̀kan ló tún ń gbé lọ sí ìkejì, ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò mọ ohun tó ń wá. Ohun tó ń ba àwọn ilé yẹn jẹ́ kì í ṣe plan wọn. Lọ sí Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, tàbí Abẹ́sàn ní Ìpájà, kó o wo ìsàlẹ̀ ilé: ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti fọ́ ògiri láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wà lókè ti gbé táńkì omi ńlá sórí ibi tí wọn ò ṣírò fún táńkì, wọ́n ti kọ́lé lé gọ́tà lórí, ilé ìgbẹ́ tí wọ́n ṣe fún èèyàn díẹ̀ ni ìdílé tó ti di ìlọ́po méjì ń lò. Ní Òkè-Àfà yẹn, ó ti débi tí ìjọba fi ní kí àwọn tó wà nínú búlọ́ọ̀kù kan kó jáde torí ilé ti gbó débi tó léwu. Ta ni wọ́n ń pè nígbà tọ́rọ̀ bá dà báyìí? Wọn kì í pe agbaṣẹ́ṣe ọdún 1981 mọ́. Irú ẹ ni wọ́n ń pè. Tí o bá sì débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó o máa wá ni drawing, ibo ni òpó wà, ògiri wo ló ń gbé ẹrù, èwo ni wọ́n lè fọ́, níbo ni páìpù gbà, tí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́un ò bá tọ́jú ẹ̀, o ti wọ gàù, wàá máa fi òòlù kan ògiri kiri kó o tó mọ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní kúkúrú nìyí. Ìjọba á ní òun fẹ́ kọ́ ilé síbì kan. Ẹ̀yin ẹ máa lọ wo ilẹ̀ kí architect tó ya nǹkankan, ṣé àbàtà ni, ibo lomi òjò ń gbà, ṣé tìpà granite lè wọbẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ sí lab. Ẹ̀yin àti QS, ìyẹn quantity surveyor tó ń ṣírò owó iṣẹ́, á jọ ṣírò iye tó yẹ kó jẹ́ kí wọ́n tó ní káwọn agbaṣẹ́ṣe wá dá iye tiwọn lé e. Owó tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti dá iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá fún un, agbaṣẹ́ṣe sì gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ insurance. Àwọn ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn náà, lọ́jọ́ tó o bá dé kó o ti béèrè tìpínlẹ̀ ẹ, kó o kà á, má jẹ́ kí wọ́n máa rò ó fún ẹ lẹ́nu. Lẹ́yìn owó àkọ́kọ́ yẹn, kò sí kọ́bọ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnìkan lọ wọn iṣẹ́ tó ti parí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ìwọ lẹni yẹn. Wọ́n á tún dá díẹ̀ dúró nínú owó ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 5%, títí ìgbà tí wọ́n dá fún un láti tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe á fi pé, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ìjọba ni kì í padà lọ wo ilé yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó tó kù. Ìwọ padà lọ o. Lọ nígbà òjò.

Jẹ́ n mú ẹ dé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn kọ̀ǹkéré ilẹ̀ àjà òkè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹnjiníà. Agbaṣẹ́ṣe á pè ẹ́ lálẹ́ pé “Engineer, ọ̀la la fẹ́ kásì o.” Àwọn míì ò tiẹ̀ ní tètè pè ẹ́, wọ́n fẹ́ kó o dé nígbà tí wọ́n bá ti da ìdajì, kò ní sóhun tó o máa rí mọ́, kọ̀ǹkéré ti bo gbogbo ẹ̀. Torí náà má dúró de ìpè wọn, máa mọ bí sáìtì ẹ ṣe ń lọ. Tó o bá tètè dé, wàá bá mixer tó ń pariwo, wọ́n ti já yanrìn àti granite sílẹ̀, àwọn lébírà ti so aṣọ mọ́rí, ìyá olóúnjẹ ti gbé ìkòkò kalẹ̀, gbogbo ojú ti wà lára ẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ju “ẹ máa dà á” lọ. Ìwọ gun àkàbà lọ sókè ní tìẹ, mú tape ẹ. Tí drawing bá ní kí irin fi 150 mílímítà jìnnà síra, nínú mítà kan àbọ̀ àlàfo 10 ló yẹ kó o kà, tó o bá ka 7, wọ́n ti yọ irin nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ kó o wo abẹ́ irin, ṣé bísíkíìtì wà níbẹ̀, àwọn pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe tó ń gbé irin kúrò lára pákó. Tí ò bá sí, irin á sùn sórí pákó, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú pákó wàá máa rí i lábẹ́ dẹ́kìn bí egungun ìhà màlúù Fúlàní lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní pẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, tó máa ti kọ̀ǹkéré jábọ́.

Wá lọ wo bákónì. Bákónì tó yọ síta tí kò ní òpó lábẹ́, irin òkè ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Àwọn lébírà á máa gba orí ẹ̀ kọjá pẹ̀lú páànù kọ̀ǹkéré lórí, ẹsẹ̀ wọn á ti tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀, lójú ẹni tí ò mọ̀ irin wà níbẹ̀, iye ẹ̀ pé, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ igi tí wọ́n fi tì í lábẹ́ ni bákónì á tẹ̀ wálẹ̀. Iron bender tó mọṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn ní bá ẹ sọ ọ́ ni tó o bá dákẹ́. Ní kí wọ́n tẹ irin kékeré bí àga kí wọ́n fi gbé e dúró, kó o sì dúró sórí ẹ̀ títí wọ́n á fi da ibẹ̀ tán. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, àwọn birikìlà máa ń bi mí pé ṣé ọ̀gá ni mo wá kí, tí mo bá ti ní kí wọ́n tú irin bákónì lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọn kì í bi mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ irin ò tíì tán. Ọjà kún fún irin tí wọ́n ń pè ní mílímítà 12 tí kò tó 12. Irin 12 tó péye, mítà kan ẹ̀ wọn bíi kílò 0.89, odidi ọ̀pá gígùn tó jẹ́ mítà 12 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 10.7. Tí tọwọ́ ẹ bá wọn kílò 9, irin 11 ni. Wọ́n á ní “Engineer, mílímítà kan péré.” Àmọ́ agbára irin wà nínú bí ojú tí wọ́n ti gé e ṣe fẹ̀ tó, láti 12 bọ́ sí 11 o ti pàdánù bíi 16%, ní gbogbo òpó, ní gbogbo bíìmù, ní gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà nínú ẹsitéètì yẹn. Ra caliper tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó tìẹ, má retí tìjọba. Kí ìwọ̀n sì wà ní sáìtì. Sìmẹ́ǹtì náà, máa ka ara àpò, láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti sọ pé sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni kí wọ́n máa fi da kọ̀ǹkéré.

Ní ti omi, ìjà yẹn ò lè tán láyé. Kọ̀ǹkéré tó ki kì í wù lébírà, ó máa ń fẹ́ bu omi sí i kó lè rọrùn fún un láti tẹ́. Gbé cone slump ẹ wá, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù nínú kọ̀ǹkéré, gígùn ẹ̀ 300 mílímítà ni, bu kọ̀ǹkéré kún un, gún un mọ́lẹ̀, fà á sókè, wo bó ṣe wálẹ̀ tó, lójú gbogbo wọn. Kó o sì mú kúùbù, àwọn kọ̀ǹkéré onígun 150 mílímítà tí wọ́n fi ń dán agbára ẹ̀ wò, kó o kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti bu kọ̀ǹkéré ẹ̀ sí i lára, kó o rí i pé inú omi ló wà títí wọ́n á fi gbé e lọ sí lab. Mo ti rí ibi tí agbaṣẹ́ṣe ti lọ po kọ̀ǹkéré olówó ńlá lọ́tọ̀ fún kúùbù, kí kúùbù lè yege. Nínú páànù tó ń lọ sókè ni kó o ti bù ú.

Ibẹ̀ ni tìjọba ti wá yàtọ̀ sí tibi tó o wà. Kúùbù ọjọ́ 7 á fi bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ẹ̀ hàn ẹ́, ọjọ́ 28 lo máa tó mọ̀ dájú. Ètò ìbò ò mọ 28. Wọ́n á pè ẹ́ látòkè pé gómìnà ń bọ̀ wá ṣí ẹsitéètì lọ́jọ́ báyìí, kí wọ́n tú pákó, kí wọ́n kun ilé. Má bá ẹnikẹ́ni jà, má sì lọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kó o wá sílé máa kánra. Jókòó kó o kọ mẹ́mò, kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ: ọjọ́ tí wọ́n dà á, èsì kúùbù, ọjọ́ tó tọ́ kí wọ́n tú u, orúkọ ẹ, ọjọ́ tòní. Fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ, kó o gba acknowledgement pé wọ́n ti rí i gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ yẹn á ṣàdédé sún síwájú, torí kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú fáìlì kóun wá kọ “proceed” sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó ní fáìlì lo máa máa gbé kiri, wọ́n rò pé àbùkù ni. Kọmíṣánnà á lọ, gómìnà á lọ, fáìlì á wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní November 1, 2021, tí ẹ̀mí tó lé ní 40 bá a lọ, ilé aládàáni ni, kì í ṣe ìjọba ló ń kọ́ ọ, síbẹ̀ wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà àjọ ìjọba tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́lé lọ rọ́kún nílé, ìgbìmọ̀ sì jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé. Ìwé ni wọ́n máa ń béèrè. Wọn ò ní bi ẹ́ pé kí lo ní lọ́kàn.

O mọ títì, ìyẹn sì máa wúlò fún ẹ ju bó o ṣe rò lọ, torí o mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń ta. Ìwọ ṣírò ẹ̀ wò: títì kìlómítà kan, fífẹ̀ ẹ̀ mítà 7.3, tí agbaṣẹ́ṣe bá fi mílímítà 10 péré dín sísanra ọ̀dà kù, cubic metre 73 ló fi pamọ́ yẹn, ó lé ní 170 tọ́ọ̀nù, tìpà 30 tọ́ọ̀nù bíi mẹ́fà, nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Ojú ò lè rí mílímítà 10. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ lọ́bìírípo, níbi tí ìwọ bá tọ́ka sí o, kì í ṣe níbi tí fọ́ọ̀mánù bá mú ẹ lọ, torí ó mọ ibi tó nípọn.

Iṣẹ́ tí mo tún fẹ́ kó o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni àtúnṣe, òun lèmi ka sí iṣẹ́ ẹnjiníà ìjọba jù lọ, òun náà ni wọn kì í fẹ́ fowó sí. Bíríìjì Third Mainland, bíi kìlómítà 11.8, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, July 2020 ni wọ́n ti apá kan ẹ̀ pa wọnú ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n lè pààrọ̀ àwọn expansion joint, ìyẹn ojú ìpàdé tó ń jẹ́ kí bíríìjì lè nà kó sì súnkì, gbogbo Èkó ń ṣépè nínú go-slow. Kò sẹ́ni tó ń gé ríbọ́nù fún expansion joint. Ilé gbígbé náà bẹ́ẹ̀, kò sí gómìnà tó máa wá ya fọ́tò níwájú ihò ìgbẹ́ tí wọ́n kó. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n fowó sí i, àfi kó o mọ bó o ṣe máa kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti oṣù tí wọ́n ti ń kó bọ́jẹ́ẹ̀tì jọ, pẹ̀lú fọ́tò, pẹ̀lú iye, ní ọdọọdún, kó má sú ẹ.

Ó kù nípa egúnjẹ. Ó wà, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Kì í sì í wá bí èèyàn ṣe rò, wọn kì í gbé àpò owó wá lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ́tò gbé ẹ lọ sí sáìtì torí ọ́fíìsì ò ní mọ́tò, wọ́n á ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ẹ, wọ́n á wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ, lọ́jọ́ tó o bá wá fẹ́ ní kí wọ́n wó òpó kan, ojú á wá ń tì ẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mi ò kì í dá nìkan lọ wọn iṣẹ́, èmi, QS, technical officer, tó bá ṣeé ṣe auditor náà, gbogbo wa á jọ di tape mú, a á jọ kọ ọ́ sínú ìwé, a á jọ sáìnì níbẹ̀. Mi ò kì í sáìnì sátífíkéètì tí wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ ní bùkátéríà. Àwọn kan á pè ẹ́ ní aláìgbọ́n, á sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹ ní sáìtì ńlá, àmọ́ wọ́n á fún ẹ nígbà tó bá yá torí gbogbo ọ̀gá ló máa ń fẹ́ ẹnìkan tí kò ní kó wọn sí wàhálà EFCC.

Owó wá ńkọ́. Ó kéré, òótọ́ ni. Level 8 lo máa bẹ̀rẹ̀, level 11 ò sí, láti 10 lo máa fò sí 12, má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu. Tí ìgbéga ò bá dúró síbì kan, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni títí dókè díẹ̀, á wá di mẹ́rin mẹ́rin, ṣírò ẹ̀, ó máa gbà tó ọdún 25 kó o tó dé level 17 tí í ṣe dáírẹ́kítọ̀, yàrá ibẹ̀ ò sì gba gbogbo yín. Ọdún 60 lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, o ti ń lọlé. Pẹ́ńṣàn tuntun, 8% látọ̀dọ̀ ẹ, 10% látọ̀dọ̀ ìjọba, lábẹ́ òfin 2014, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn kan ń yọ tìẹ tán kí wọ́n tó rántí tiwọn, lọ bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì níbẹ̀, kì í ṣe accountant. Bàbá ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ kí wọ́n tó wọlé ni pé òfin ilẹ̀ wa ò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣòwò tàbí ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ́tọ̀, oko nìkan ni wọ́n fàyè ẹ̀ sílẹ̀. O ò lè máa ya plan tà ní alẹ́ o. Àwọn kan ń ṣe é, mo mọ̀, lọ́jọ́ tí ilé yẹn bá wó wọ́n á mọ ìdí tí òfin fi wà. Tó bá jẹ́ owó lo nílò lójú méjèèjì báyìí, àwọn àbúrò lẹ́yìn, ilé tó o fẹ́ kọ́ kíá, dúró síbi tó o wà, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Bákan náà, tó o bá jẹ́ ẹni tí ọkàn ẹ ń fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January kó parí ní June, má lọ. Iṣẹ́ ìjọba máa ń dúró. Owó á tán, ìjọba á yí padà, ẹsitéètì á di igbó. Ilé Ṣàgàrí tó wà káàkiri ilẹ̀ yìí látọdún 1979 sí 1983, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò parí, òmíràn parí àmọ́ wọ́n kọ́ ọ síbi tí ò sí omi, ò sí ọjà, ò sí mọ́tò tó ń lọ síbi iṣẹ́, èèyàn ò gbé e. Tí wọ́n bá wá ní kó o lọ wo ilé tí wọ́n pa tì kí wọ́n lè gbé e fún agbaṣẹ́ṣe míì, irin tó yọ lórí òpó ti rí òjò lọ́dún mélòó kan, o gbọ́dọ̀ ha á, wọn bó ṣe ṣẹ́kù tó, yọ èyí tó ti jẹ tán, lu kọ̀ǹkéré wò, kó o tó sọ pé wọ́n lè gbé ilé lé e. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tuntun á fẹ́ kó o ní kí wọ́n wó gbogbo ẹ̀ torí owó ńlá ló wà nínú wíwó. Àwọn olóṣèlú á fẹ́ kó o ní kí wọ́n máa bá a lọ torí ó yá. Ìwọ lo máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, irin kan sí ìkejì. Mi ò mọ iṣẹ́ tó kọ́ èèyàn ní civil tó ìyẹn.

Ohun tí mo ní kó o béèrè nìyí: department wo ni wọ́n ń gbé ẹ lọ. Tó bá jẹ́ project tàbí maintenance, gbà á. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kó ìwé jọ fún kọmíṣánnà lásán, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹ lọ sí zonal office, kódà kó jẹ́ ìlú tó jìn, torí ọdún bíi márùn-ún àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ ò bá wà nínú ẹrẹ̀, òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ, ọwọ́ ẹ á dípẹtà, wàá di ọ̀gá tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè ní Engineer lójú tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kó o sì lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń fún ẹnjiníà níwèé àṣẹ, kó o tó wọlé tàbí lẹ́yìn tó o bá wọlé láìpẹ́, ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, kọ́ńpìnnì tó o wà nísìn-ín ló máa fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ, gbà á lọ́wọ́ wọn kó o tó ní o ń lọ, torí ẹni tó ti lọ, wọn kì í dá a lóhùn dáadáa. Gbogbo drawing àti ìṣirò tí agbaṣẹ́ṣe bá mú wá, máa ní kí wọ́n fún ẹ ní ìṣirò, kó o tún un ṣe fúnra ẹ nílé, bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń mọ design nígbà tí wọn ò fún un ní design ṣe.

Tó o bá fẹ́ lọ ṣe documentation, kó ojúlówó gbogbo ìwé ẹ, WAEC, digirí, NYSC, ìwé ọjọ́ ìbí. Wo ọjọ́ ìbí ẹ lórí gbogbo wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹ, kó o tó gbé e fún wọn. Èyí tó bá wọ fáìlì ẹ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò ọjọ́ tó o máa fẹ̀yìntì, títún un ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ò rọrùn rárá, mo rí àwọn tó ń lé e kiri ní ọ́fíìsì títí wọ́n fi lọlé. Kó o fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ bàbá ẹ.